Ta Ló Bá Ọ Rí Àwọ̀n Náà?

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú sáà tó kọjá, mo ta ẹja epìyà mẹ́sàn-án ju iye tí màmá mi ń tà wọ́n lọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo fi lé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹja mẹ́sàn-án náà kò tóbi ju ìyókù lọ, ata tí a fi ra wọ́n lára kò sì yàtọ̀. Páálí kan tí mo kọ nǹkan sí, tí mo gbé síwájú wọn, ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n fún wa nínú ìdíje yìí ló fà á. Wọ́n ní kí a sọ bóyá ó yẹ kí ẹni tó ń ra ẹja san owó lé iye rẹ̀ nítorí pé wọ́n pa ẹja náà lọ́nà tí ẹja kò fi ní tán nínú omi. Olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní Jọ́gíráfì mú páálí ẹja kékeré kan wá sí kíláàsì, èyí tí àbúrò wọn gbé bọ̀ láti London. Kò sí ẹja nínú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àmì búlúù kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ya bí ẹja. Wọ́n ṣàlàyé pé àmì yẹn ló ń sọ fún oníbàárà pé wọn kò fi ìwọra pa ẹja náà. Wọ́n wá bi wá pé, "Ta ni yóò san owó lé e nínú yín?" Gbogbo wa la nawọ́, àfi ọmọkùnrin kan tó ní òun kì í jẹ ẹja. Wọ́n tún béèrè pé, "Ta ni wọ́n rán lọ ra ẹja lọ́sẹ̀ yìí, tó bi ẹlẹ́ja ní ohunkóhun yàtọ̀ sí èló ni?" Kò sẹ́ni tó nawọ́. Èmi ṣe bí ẹni ń wá bírò nínú báàgì, nítorí gbogbo kíláàsì ló mọ̀ pé ẹja ni màmá mi ń tà.

Màmá mi ń yan ẹja ní Opebi, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Allen. Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, èédú á ti máa jó, àwọn tó ń ti ọ́fíìsì bọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Oríṣi ẹja méjì la máa ń yan. Titus ń ti òkè òkun wá nínú páálí, kóòdù-rúùmù la ti ń rà á. Epìyà jẹ́ ẹja ọ̀sà. Ọjà Asejere ní Makoko ni màmá mi ti ń rà á láàárọ̀ kùtù, lọ́wọ́ ìyá kan tí wọ́n ti ń bá ná ọjà kí n tó dáyé.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí mò ń wí yìí, màmá mi lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọsibítù, wọ́n sì fi èmi àti ọmọ àǹtí mi sídìí iná. Mo ya ìdérí páálí titus kan, mo yí inú rẹ̀ síta, mo fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà pé: ÀWỌ̀N OLÓJÚ ŃLÁ NI WỌ́N FI PA ẸJA YÌÍ. WỌN KÒ PA ỌMỌ ẸJA. Mo pín epìyà tó wà lórí wáyà sí méjì. Èyí tó wà lápá òsì, iye tí màmá mi ń tà á, 4,000 náírà. Èyí tó wà lápá ọ̀tún, tí páálí wà níwájú rẹ̀, 4,500. Ẹ má gbàgbé pé inú abọ́ kan náà ni gbogbo wọn ti jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Kí aago mẹ́jọ tó lù, epìyà 23 ti lọ: 14 láti òsì, 9 láti ọ̀tún. Mo ń kọ ohun tí oníkálùkù bá sọ sínú ìwé. Mo ti rò pé àwọn tó gbé ọkọ̀ wá ni yóò ra ti ọ̀tún, àwọn tó fẹsẹ̀ rìn yóò sì ra ti òsì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀gbẹ́ni kan sọ gíláàsì jíìpù rẹ̀ kalẹ̀, ó ka páálí náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fún òun ní méjì láti òsì. Ọmọkùnrin kan tó ń fi ọ̀kadà pín ẹrù kiri, tí òjò ti pa, ló ra ti ọ̀tún. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Tí ojú àwọ̀n bá tóbi, ẹja náà á tóbi." Àǹtí kan ní ti ọ̀tún ló máa mọ́ jù, pé kò ní ní kẹ́míkà. Ẹlòmíràn ní ó jọ pé ó máa dùn jù. Nínú àwọn mẹ́sàn-án tó san owó lé e, ẹnì kan ṣoṣo ló dárúkọ ọ̀sà. Bàbá àgbàlagbà kan ni, tí wọ́n ní Epe ni àwọn ti dàgbà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, epìyà tí wọ́n bá jù padà sómi pé ó kéré tóbi ju èyí tí à ń yan lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí bóyá àwọn èèyàn máa ń san owó lé e, bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ń san án. Ṣùgbọ́n ohun tí púpọ̀ nínú wọn rò pé àwọn ń rà kọ́ ni ohun tí mo kọ. Ẹnu ara wọn àti ikùn ara wọn ni wọ́n san owó náà fún. N kò bú wọn. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1993, ṣùgbọ́n ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili wà nípò láti 2001 sí 2008 ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ìgò òògùn ká láti wá a. Ìyá ìyá mi kò mọ̀wé, síbẹ̀ wọn kì í gba òògùn lọ́wọ́ wa kí wọ́n má ní kí a ka nọ́ńbà náà sétí wọn. Ara wa ni nọ́ńbà yẹn ń dáàbò bò. Àmì ara ẹja ní tirẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n san owó lórí ẹja tí n kò ní jẹ, tó ṣì wà nínú omi, tí ọmọ ẹlòmíràn yóò jẹ lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ẹ̀bẹ̀ ńlá nìyẹn fún ẹni tí ebi ń pa ní aago méje alẹ́.

Màmá mi dé, wọ́n ka owó. Owó pọ̀ ju ẹja lọ. Mo rò pé wọ́n á yìn mí. Mo mú páálí wá, mo kà á fún wọn. Wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná, wọn kò gbójú sókè.

"Ta ló bá ọ rí àwọ̀n náà?"

Mo ní ṣebí epìyà wa kì í kéré.

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọ̀n olójú ńlá. Ṣé o rí àwọ̀n? Èmi tí mo ti ń ra ẹja láti ọdún méjìdínlógún, n kò rí àwọ̀n rí. Ẹja ni mò ń rí."

Wọ́n ka 4,500 náírà sọ́tọ̀, wọ́n tì í sínú agolo mílíìkì, wọ́n ní kí n wá àwọn tó ni ín kàn, kí n dá a padà fún wọn. Ó dùn mí gan-an lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń sọ fún ara mi pé irọ́ tí mo pa kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, pé ìdí rere ni mo fi pa á. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rí i pé ìbéèrè màmá mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ àmì ẹja yìí rọ̀ mọ́. Èèyàn lè fọwọ́ tẹ tòmátì kó mọ̀ pé ó ti rọ̀. Kò sí bí a ṣe lè fọwọ́ tẹ ẹja kí a mọ irú àwọ̀n tó mú un. Èyí tí wọ́n pa dáadáa àti èyí tí wọ́n pa nípakúpa, bí wọ́n bá ti dórí iná, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí.

Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí ni àmì búlúù tí olùkọ́ wa mú wá ń ṣe. Àjọ kan tó ń jẹ́ Marine Stewardship Council, tí wọ́n ń pè ní MSC, ló ni ín. WWF, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn ẹranko àti igbó, àti ilé-iṣẹ́ Unilever ló dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1997. Bẹ́ẹ̀ ni, Unilever náà ni, tí ti Nàìjíríà wà ní Billings Way ní Oregun, níbi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé wa. Ọṣẹ ni mo mọ̀ wọ́n mọ́, n kò mọ̀ pé wọ́n bá ẹja da nǹkan pọ̀ rí. Nígbà náà lọ́hùn-ún, wọ́n wà lára àwọn tó ń ra ẹja jù lọ láyé fún títà ní dídì, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà kò sì tíì pẹ́. Ní 1992, ìjọba Kánádà fi òfin de àwọn tó ń pa ẹja cod ní omi Newfoundland, nítorí pé ẹja náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Nǹkan bí 30,000 èèyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹja tí àwọn baba ńlá wọn ti ń pa fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún!

Àwọn olùyẹ̀wò tí kò sí lábẹ́ MSC ló ń lọ wo àwọn apẹja. Wọ́n ń wò ó bóyá ẹja náà ṣì pọ̀ tó nínú omi, ohun tí pípa rẹ̀ ń ṣe sí àwọn ẹ̀dá omi yòókù, àti bóyá ẹnìkan ń ṣàkóso iṣẹ́ náà. Wọ́n tún ń tọ ipa ẹja láti inú ọkọ̀ ojú omi dé ilé ìtajà. Gbogbo rẹ̀ ń ná owó, àwọn apẹja tó fẹ́ àmì náà ló sì ń san owó àyẹ̀wò. Ǹjẹ́ oníbàárà ń san án padà? Ní 2011, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Roheim, Asche àti Santos, tẹ ìwádìí kan jáde lórí iye tí wọ́n ń ta ẹja pollock dídì ní àwọn ilé ìtajà ńlá ní London. Èyí tó ní àmì fi nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju èyí tí kò ní lọ. Èmi fi 500 lé 4,000, ìyẹn ìdá 12 àti ààbọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá London dọ́gba, àfi pé tèmi kò ní ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí gidi sì gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá. Titus tí à ń yan, mackerel ni òyìnbó ń pè é, a sì máa ń rà á láti inú òkun Àtìláńtíìkì ti apá àríwá lọ́hùn-ún. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, MSC gba àmì rẹ̀ kúrò lára mackerel tí wọ́n ń pa níbẹ̀, nítorí pé ẹja náà ti dín kù, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń pa á kò sì fẹnu kò lórí iye tí oníkálùkù yóò máa mú. Ìròyìn ńlá nìyẹn ní Yúróòpù. Ní Opebi, a kò gbọ́. Iná wa kò kú ní ọjọ́ kan nítorí rẹ̀. Bí àmì bá tilẹ̀ wà lára páálí, bí wọ́n bá ti já a ní kóòdù-rúùmù, tí wọ́n fi kílò wọn ẹja sínú ọ̀rá fún wa, ẹja ti di ẹja nìyẹn. Páálí náà, abẹ̀bẹ̀ la fi ń ṣe.

Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ pinnu pé rárá ni ìdáhùn mi yóò jẹ́. Láti 2023, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo tí náírà sì já wálẹ̀, àwọn kan tó máa ń ra odindi ẹja lọ́wọ́ wa ti ń ra ìdajì. N kò lè dúró níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí n sọ fún un pé 500 náírà ni ìwà rere. Bí a bá sì fi owó lé ohun tó tọ́, ó dà bí ẹni pé a ti gbà pé èyí tí kò tọ́ ni ojúlówó iye ọjà. Kò sẹ́ni tó ń gba owó lọ́wọ́ àdúgbò nítorí pé kò tọ̀ sínú kànga. Ọ̀rẹ́ mi kan ta kò mí, ó ní oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé, pé ohun tí a kò bá san nǹkan lé lórí, a kì í kà á sí. Mo ní oògùn ló sọ, kì í ṣe òkun.

Mo gbé ọ̀rọ̀ kànga yìí dé Asejere ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí mo tẹ̀lé màmá mi. Ìyá tó ń ta ẹja fún wa ń to epìyà sínú abọ́ nígbà tí mo ń rojọ́. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, apẹja tó ní àwọ̀n olójú ńlá, ọmọ ẹja tó bá yọ́ jáde nínú tirẹ̀, inú àwọ̀n ẹnìkejì ló ń lọ. Ilẹ̀ á mọ́, ẹja kò sí lódò, owó kò sí lápò. Ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà? Ìwọ?"

Wọ́n nawọ́ sí ọkọ̀ kan tó ń fa yanrìn lókèèrè, wọ́n ní, "Ìyẹn náà ń lé ẹja lọ. Ṣé ó ní àmì?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí nǹkan sọ. Nínú dánfó tí a wọ̀ padà, mo ń rò ó pé àpẹẹrẹ kànga mi kò dúró. Ẹni tí kò tọ̀ sí kànga kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó jẹ́ kí ọmọ ẹja lọ pàdánù oúnjẹ alẹ́, nítorí ohun tí gbogbo wa yóò jọ jẹ lọ́jọ́ iwájú. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Kò tọ́ kí òun nìkan ru ẹrù náà, kí èmi sì máa jẹ epìyà ní iye àná.

Nítorí náà mo yí ohùn padà, ṣùgbọ́n n kò yí i padà tán. Ó yẹ kí á san nǹkan. Ohun tí mo ń jà sí ni ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi. Kì í ṣe ẹni tó ń ra ẹja kan lẹ́bàá títì. Ẹ wo ohun tí Amẹ́ríkà ṣe nípa edé. Láti 1989 ni wọ́n ti ní òfin kan tó ti ilẹ̀kùn mọ́ edé inú òkun tí wọ́n bá pa lọ́nà tó ń pa ìjàpá òkun. Àwọ̀n ọkọ̀ tó ń fa edé gbọ́dọ̀ ní irin kan nínú, tí yóò darí ìjàpá sí ibi tí yóò gbà jáde. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fi irin yìí sínú àwọ̀n kí edé wa lè wọ ọjà wọn. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé wọn kò dúró ti obìnrin kan nínú ọjà ní New York kí wọ́n bi í pé èló ni yóò fi lé e nítorí ìjàpá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n lọ.

Àwa náà ní òfin. Òfin ìpẹja lójú òkun ti 1992 ló bí ìlànà tó ní kí ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n nílẹ̀ omi má ṣe wọ máìlì orí òkun márùn-ún àkọ́kọ́ láti etí òkun, kí àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré lè rí ẹja pa. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè màmá mi tún wà níbẹ̀: ta ló ń bá wa wo máìlì márùn-ún náà lóru? Bí ìjọba bá ní kí n fi ogún náírà lé ẹja kọ̀ọ̀kan láti fi sanwó fún ẹni tí yóò máa wò ó, tí mo sì dá mi lójú pé ó ń wò ó, n ó san án, n kò ní bèèrè àmì kankan. Ogún náírà lórí ẹja gbogbo ènìyàn sàn lójú mi ju 500 lórí ẹja ẹni tó bá wù.

Màmá mi kì í sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọn kì í ra epìyà tó bá kéré ju àtẹ́lẹwọ́ wọn lọ, bó ti wù kó pọ́n tó. Wọ́n ní ó máa ń gbẹ lórí iná. Mo máa ń rò pé ìdí tí wọ́n fi ń kọ̀ ọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kẹjọ, owó ọjà kò pé, wọ́n ra kéékèèké, a fi igi gún wọn ní mẹ́ta mẹ́ta. Wọn kò sọ nǹkan kan. Mo kàn ṣàkíyèsí pé wọn kò pe oníbàárà kankan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá yà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tà fún.

Ní ti 4,500 náírà, mo ti wá àwọn tó ni ín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mẹ́rin ti gba owó wọn. Ọmọkùnrin tó ń pín ẹrù rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń dá owó ẹja padà rí ní Lagos. Àǹtí oníkẹ́míkà bínú díẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin ni n kò tíì rí. Bàbá tó dàgbà ní Epe kọ̀, wọn kò gbà á. Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé n kò rí àwọ̀n kankan. Wọ́n ní kí n fi owó náà wọkọ̀, kí n lọ wò ó, kí n sì padà wá sọ fún àwọn bí ojú rẹ̀ ṣe tóbi tó.

2,500 náírà ló kù nínú agolo. Ìyá Asejere ti bá mi sọ ọ́ fún ọmọ ọkọ wọn kan tó ń lọ sódò. Ó ní òun yóò gbé mi nínú ọlidé yìí, bí mo bá lè dé èbúté ní aago mẹ́rin òwúrọ̀, tí n kò sì ní máa bèèrè ìbéèrè nígbà tí òun bá ń ta àwọ̀n.